Ǹjẹ́ Ó Tọ́ kí Òfin Fọwọ́ sí Títa Ẹyin Obìnrin?

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan dé sáyé tí àwọn baba wa kò bá pàdé rí. Láti ìgbà tí a ti bí Louise Brown ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Keje ọdún 1978 ni aráyé ti fi ojú rí i pé ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin lè pàdé nínú àwo ní ilé ìwòsàn, kí a tó gbé e sínú ilé-ọmọ. Ní ọdún 1989, irú ìbí bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó. Nípa ọgbọ́n yìí, ẹyin obìnrin kan lè di ọmọ nínú obìnrin mìíràn. Nígbà tí èyí sì ti ṣeé ṣe, owó wọ inú ọ̀ràn náà. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí òfin fọwọ́ sí i pé kí obìnrin máa ta ẹyin rẹ̀ bí a ti ń ta ọjà?

Kí a tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń sọ. Ẹyin kan ṣoṣo ni ara obìnrin sábà máa ń tú sílẹ̀ lóṣù. Ẹni tí yóò fi ẹyin sílẹ̀ fún ẹlòmíràn ní láti gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14, kí ẹyin púpọ̀ lè gbó lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn èyí ni oníṣègùn yóò fún un ní oògùn oorun, tí yóò sì fi abẹ́rẹ́ gígùn fa àwọn ẹyin náà jáde láti ojú ara. Ọ̀pọ̀ ni ó ń là á já láìsí ewu. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí oògùn náà ń mú kí ibi tí ẹyin ń gbé wú ju bí ó ti yẹ lọ, tí omi ń kún inú wọn, tí ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú iṣan wọn. Bí ó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ó lè yọrí sí ikú. Èyí kì í ṣe irun orí tí a gé tí òmíràn sì hù.

Àwọn tí ó ní kí òfin fọwọ́ sí títà náà kì í ṣe òmùgọ̀, wọn kì í sì í ṣe ìkà. Wọ́n ní kí a wo àgàn. Ẹni tí kò bá mọ bí ọkàn obìnrin tí ń wá ọmọ ti ń rí ní ọjọ́ tí a bá ń sọ ọmọ ẹlòmíràn lórúkọ, kí ó má yára sọ̀rọ̀. Wọ́n tún ní: dókítà gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn gba tirẹ̀, ẹni tí ó ta oògùn jèrè; èé ṣe tí ó fi jẹ́ pé obìnrin tí ó fi ara rẹ̀ wewu nìkan ni a ń wàásù fún pé kí ó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́? Ìbéèrè yìí lágbára, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn.

Lójú tèmi, ìtàn wa lè ràn wá lọ́wọ́. Láyé àtijọ́, ìyàtọ̀ wà láàárín ìwọ̀fà àti ẹrú. Ẹni tí ó yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ ọwọ́ ìwọ̀fà ni olówó ń jẹ bí èlé, kò ra òun fúnra rẹ̀. Ọmọ ìlú ni ìwọ̀fà síbẹ̀, bí a bá sì ti san owó náà, a tú u sílẹ̀. Ẹrú ni a rà pátápátá, ìtìjú rẹ̀ kò sì tí ì kúrò lára wa. Nítorí náà, a lè sanwó iṣẹ́ fún ènìyàn, a sì lè san gbà-má-bínú fún ìyà tí ó jẹ, láìsọ ara rẹ̀ di ọjà.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà kan náà kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kejì, èyí tí ó korò. Ọ̀pọ̀ ìwọ̀fà kò yan ipò náà. Gbèsè baba ni ó yàn án fún wọn. Bákan náà ni ọmọbìnrin tí kò rí owó ilé-ìwé san lè tọwọ́ bọ ìwé pé òun gbà, kí ó sì jẹ́ pé àìní ni ó mú un lọ́wọ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí iye owó bá sì ń pọ̀ bí iye ẹyin ti ń pọ̀, èrò kí a fi kún oògùn yóò máa wọ ọkàn ẹni tí ń rà àti ẹni tí ń tà.

Ẹ wo Amẹ́ríkà, níbi tí títà náà ti fìdí múlẹ̀. Ní ọdún 1999, ìpolówó kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn yunifásítì ńlá kan: dọ́là 50,000 fún ẹyin ọmọbìnrin tí ó ga, tí ó sì mọ̀wé. Ní ọdún 2000, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ìbímọ níbẹ̀ sọ nínú ìlànà wọn pé iye tí ó bá ju dọ́là 10,000 lọ kò bójú mu. Ní ọdún 2011, a pe ẹgbẹ́ náà lẹ́jọ́ nítorí àwọn obìnrin tí ń fi ẹyin sílẹ̀, pé ó di owó wọn mọ́lẹ̀. Wọ́n parí ẹjọ́ náà ní 2016, iye náà sì kúrò nínú ìlànà. N kò dá àwọn obìnrin náà lẹ́bi. Bí ohun kan bá ti di ọjà, ẹni tí ń tà á lẹ́tọ̀ọ́ láti ná an dé ibi tí owó rẹ̀ bá lè dé. Ẹni tí ó bá dá ọjà sílẹ̀ kò lè fi ìwàásù lásán dá a dúró.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, gbà-má-bínú tí obìnrin ń gbà níbẹ̀ fún ìgbà kan kò ju pọ́ùn 986 lọ, kò sì pọ̀ sí i nítorí pé ẹyin tí ó jáde pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ tí a bí nípa ẹyin tí a fi sílẹ̀ láti oṣù Kẹrin ọdún 2005 wá lè béèrè orúkọ obìnrin náà nígbà tí òun bá pé ọmọ ọdún 18. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ọmọ náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà ń ná ọjà. Àwa tí a ń ki ènìyàn ní oríkì ìdílé rẹ̀, tí a sì ń wádìí ẹbí kí a tó fi ọmọ fọ́kọ, ó yẹ kí á mọ ohun tí ó túmọ̀ sí pé kí ọmọ má mọ orírun rẹ̀, kí ọmọ ìyá méjì sì lè fẹ́ ara wọn láìmọ̀.

Ohun tí mo gbà ni pé kí òfin má fọwọ́ sí títà, ṣùgbọ́n kí ó pàṣẹ gbà-má-bínú: iye kan fún olówó àti tálákà, fún ẹni tí ó kàwé àti ẹni tí kò kà. Ẹnìkan lè ní orúkọ nìkan ni mo yí padà. Rárá o. Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè kan dán an wò: bí obìnrin náà bá ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ, tí ẹyin kankan kò sì jáde, ṣé yóò gba owó rẹ̀ pé? Bí ó bá gbà á pé, iṣẹ́ àti ìyà rẹ̀ ni a san. Bí kò bá rí nǹkan gbà, ọjà ni a ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí òfin tún fi òǹkà sí iye ìgbà tí ẹnìkan lè ṣe é, kí ilé ìwòsàn tọ́jú rẹ̀ bí àìsàn bá ti ibẹ̀ wá, kí a sì kọ orúkọ rẹ̀ pa mọ́ de ọmọ náà. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ti sọ pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹran ara rẹ̀ tọrẹ kò gbọdọ̀ gba èrè lórí rẹ̀, àfi owó tí ó ná. Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ tí ó ṣe kedere bẹ́ẹ̀ nípa ẹyin pẹ̀lú.

Ẹ̀yin olùkọ́, àwọn ọmọbìnrin tí ó jókòó níwájú wa lónìí ni ẹnìkan yóò fi owó lọ̀ lọ́la. Bí a bá tijú láti ṣàlàyé fún wọn, alágbàtà kò ní tijú láti bá wọn sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn bí ara obìnrin ti ń ṣiṣẹ́, kí a sọ ewu abẹ́rẹ́ náà fún wọn láìbù mọ́ ọn, kí a má sì fi àgàn ṣe ẹlẹ́yà lójú wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.