Iṣẹ́ Tí Ó Kù ní Krete

Bíbélì kíkà: Títù 1:5, 2:3-5

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa nínú Olúwa, Krete ni erékùṣù tí ó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Gíríìkì, òkè gíga sì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ láéláé a máa pìtàn pé inú ihò òkè ni a ti tọ́ Zeus, olórí òrìṣà wọn, kí baba rẹ̀ má baà gbé e mì. Wọ́n tún ń fi ibojì rẹ̀ hàn! Òrìṣà tí ó ní ibojì, ta ni ó lè gbà là?

Ibẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù fi Títù sí kí ó lè ṣe iṣẹ́ tí ó kù. Ó fi apá kan lé àwọn àgbà obìnrin lọ́wọ́: kí wọ́n má ṣe jẹ́ abanijẹ́, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ obìnrin láti fẹ́ràn ọkọ àti ọmọ.

Ìbàràpá méje náà ní òkè àti ìtàn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó kù ńkọ́? Ìyàwó tuntun ń sunkún nínú yàrá, àwa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nídìí gàrí tí a ń yan, a kò wọlé tọ̀ ọ́. A jẹ̀bi.

Kí ìpàdé wa tí ń bọ̀ tó pé, kí olúkúlùkù wa bẹ ọ̀dọ́ obìnrin kan wò. Ibojì Olùgbàlà tiwa ṣófo. Òun yóò ràn wá lọ́wọ́. Àmín.