Ta Ni Ó Ni Ìtọ́jú Màmá?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n a kì í sábà sọ ọ́ jáde nínú ìpàdé. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ òkété bá wá jẹ́ mẹ́fà ńkọ́, ọmú ta ni yóò mu?

Ní ọ̀pọ̀ ilé, ìdáhùn kì í pẹ́. Ọmọbìnrin tí ó ń gbé nítòsí ni, pàápàá bí ó bá jẹ́ opó. Bí kò bá sí irú rẹ̀, aya ọmọkùnrin ni. Ẹnikẹ́ni kò pe ìpàdé, ẹnikẹ́ni kò sì bi í bóyá agbára rẹ̀ gbé e. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá lóru, ẹni tí ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà ni ó ń gbé e títí di òní. Àwọn ìyókù ń fi owó ránṣẹ́ láti Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń sọ lórí fóònù pé, “Ọlọ́run á san án fún ọ o.”

Àmín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí ibùsùn, àwọn nọ́ọ̀sì a máa kọ́ wa pé kí a máa yí i ní wákàtí méjì-méjì, kí egbò má baà dá sí i ní ìdí àti ní gìgísẹ̀. Ìgbà 12 nìyẹn láàárín ọ̀sán àti òru. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní àsìkò tirẹ̀. Oúnjẹ ní láti rọ̀, kí a sì máa fi í sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà há a lọ́fun. Aṣọ tí a fọ̀ láàárọ̀ ti tutù kí ó tó di ọ̀sán. Owó dára, a kò fojú tín-ín-rín rẹ̀, ṣùgbọ́n owó kò mọ bí a ti ń yí ènìyàn padà lóru.

Àwọn kan nínú wa yóò sọ pé ìtọ́jú òbí kì í ṣe ohun tí à ń kọ sínú ìwé, pé ẹni tí ó bá ń ka ohun tí ó ṣe fún ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ di òwò. A rò ó síwá sẹ́yìn, a kò gbà. Ìyá tí à ń wí yìí náà kà. Ó ka oṣù oyún, ó ka ọjọ́ tí a ó gba abẹ́rẹ́, ó ka owó ilé ìwé wa ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀. Ta ni ó pè é ní oníṣòwò? Olúwa wa pàápàá, nínú ìrora àgbélébùú, kò fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí àánú bá ṣe. Ó yan ẹnìkan, ọmọ ẹ̀yìn tí ó fẹ́ràn, láti wákàtí náà lọ ni ọmọ ẹ̀yìn náà sì mú un lọ sí ilé ara rẹ̀. Ètò nìyẹn. Òun kan náà ni ó bá àwọn tí ó ń pe ohun tí ó yẹ fún òbí ní Kóbánì wí, pé wọ́n ti fi í fún Ọlọ́run. Ẹsẹ̀ yẹn yẹ kí ó dẹ́rù ba àwa tí à ń rán aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Ó sì yẹ kí ó dẹ́rù ba àwọn ọmọ tí kò rí owó olùtọ́jú san lóṣooṣù, ṣùgbọ́n tí wọ́n rí owó màlúù àti aṣọ ẹbí nígbà tí Màmá kú tán.

Ohun kan wà tí ẹni tí ó ń tọ́jú kì í lè sọ fún àlùfáà: pé ní òru kan, ó ti rò ó pé ì bá sàn kí Màmá kúkú sinmi. Ìwà burúkú kọ́, àárẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ náà ni í mú kí a gbọ́wọ́ sókè sí arúgbó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń yìn ín pé ó ní sùúrù, tí kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, kò ràn án lọ́wọ́, kò sì ran Màmá lọ́wọ́.

Kí ni kí a ṣe? Kí a pe gbogbo ọmọ jọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, nígbà tí Màmá ṣì lè sọ̀rọ̀, kí a sì bi òun fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ta ni ó fẹ́ gbé? Ta ni yóò máa wẹ̀ ẹ́? Níbo ni ìwé ilẹ̀ wà? Ta ni yóò máa bá a gba owó ní báńkì? Ọwọ́ tí àrùn bá ti mú kì í lè buwọ́ lùwé bíi ti tẹ́lẹ̀, báńkì kò sì ní gbà á. Kí ìwé kan ṣoṣo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn fún oògùn, fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti fún owó. Kí ẹni tí ó wà lókèèrè fi ọ̀sẹ̀ méjì nínú ìsinmi rẹ̀ wá gba iṣẹ́ náà, kí ẹni tí ó wà nílé lọ sùn. Gbígba olùtọ́jú kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀, bí ojú ọmọ bá wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò sì mọ sọ́dọ̀ ẹbí. Susanna Wesley lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ lọ́dọ̀ John ọmọ rẹ̀ ní Foundery ní Lọ́ńdọ̀nù, títí ó fi kú ní 1742. Ní 1748, John Wesley kọ̀wé nípa ilé kéékèèké méjì tí wọ́n gbà fún àwọn opó arúgbó tí kò lágbára mọ́, ó sì ní òun àti àwọn oníwàásù a máa bá wọn jẹun kan náà lórí tábìlì kan náà. Ṣùgbọ́n àwa, bí a bá lọ bẹ àwọn bẹ́ẹ̀ wò, a ó pé mẹ́jọ, a ó kọrin, a ó gbàdúrà gígùn, arábìnrin wa yóò sì fi Màmá sílẹ̀ láti wá àga àti mínírà fún wa! Ẹni méjì tí ó bá jókòó ti Màmá fún wákàtí mẹ́ta, kí òun lè lọ sí ọjà tàbí kí ó sùn, ṣe jù wá lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì tí ó wà láàárín wa lè kọ́ wa bí a ti ń gbé aláìsàn.

A bẹ olórí kíláàsì kọ̀ọ̀kan kí ó kọ orúkọ àwọn tí ó ń tọ́jú aláìsàn nílé wá sí ìpàdé wa tí ó ń bọ̀, pàápàá àwọn tí a kò rí ní ìjọsìn mọ́. Ẹni tí ó bá ní kẹ̀kẹ́ aláìsàn tàbí ọ̀pá ìtìlẹ̀ tí wọn kò lò mọ́ nílé, kí ó jọ̀wọ́ sọ fún akọ̀wé.