Odù Yọ, Ìbò Ńkọ́?

Àwọn ọ̀dọ́ kan níbí ní Ìjerò ń bi mí pé kí ni Ifá rí sọ sí ti ọmọ tí wọ́n ní ilé-ẹjọ́ gíga Òkukù, ní Ọ̀ṣun, dájọ́ ikú fún ní 2014 torí adìyẹ.

Ẹ jẹ́ á kọ́kọ́ tún un sọ dáadáa. Kì í ṣe adìyẹ ló fa okùn. Adìyẹ wà nínú ẹjọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó jalè lásán, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ni. Tó bá fipá gbà á, òfin ìdigunjalè ní ẹ̀wọ̀n ọ̀hún ò gbọdọ̀ dín ní ọdún 21. Tí ìbọn tàbí àdá bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, ikú ni. Ìdigunjalè yìí ni wọ́n dá òun àti ẹnì kejì ẹ̀ lẹ́bi sí. Òfin yẹn ò béèrè ohun tí wọ́n kó, kò béèrè bóyá ẹnì kankan kú. Tí ẹ̀bi bá ti fìdí múlẹ̀, ikú nìkan ló kù lẹ́nu adájọ́.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kan awo. Tí a bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀, tí odù yọ, a ò tíì dìde. A ó dìbò (kì í ṣe ti INEC o). A ó béèrè bóyá ire ni àbí ibi, ibi wo, ẹbọ wo ni yóò gbà á. Ẹni méjì lè bọ́ sórí odù kan náà lọ́jọ́ kan, kí ọ̀kan rú ewúrẹ́, kí èkejì rú ẹyẹlé. Awo tó bá rí odù tó sì dárúkọ ẹbọ láì dìbò, mi ò ní jókòó lórí ẹní ẹ̀.

Mi ò ní kí wọ́n máa dìbò ní kóòtù o. Mo ní kí òfin fún adájọ́ láyè ìbéèrè kejì. Ṣé ó jẹ̀bi? Ìbéèrè kan nìyẹn. Ìyà wo ló tọ́ sí i? Òmíràn ni.

Ẹnìkan á ní adájọ́ tó bá láyè á gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Awo náà wà tó ń yan ẹbọ ńlá torí ikùn ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n tó bá pọ̀ jù, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lè dín in. Ẹni tí wọ́n ti yẹgi fún ńkọ́?

Àwọn òbí ọmọ náà ní ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí wọ́n mú un ní 2010. Bẹ́ẹ̀, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní wọn ò gbọdọ̀ dájọ́ ikú fún ẹni tí ò tíì pé ọdún 18. Oṣù Kejìlá 2024 ni Gómìnà Ademola Adeleke tó dárí jì í.

Onílé tí wọ́n ká mọ́lé ńkọ́? Òun gan-an la gbàgbé. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 gbà kí kóòtù ní kí ẹlẹ́bi san owó gbà-máà-bínú fún ẹni tó ṣẹ̀. Nínú gbogbo ariwo tí a pa lórí adìyẹ yẹn, mi ò gbọ́ kí ẹnì kan béèrè ohun tí òru ọjọ́ yẹn gbà lọ́wọ́ onílé.