Ojú Ni Ojúsàájú Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Bí a bá fetí sí bí Yorùbá ṣe ń dárúkọ ẹ̀gàn, ojú ló máa ń ṣíwájú. A ń fojú di èèyàn, a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, a ń fojú pa á rẹ́. Ẹni tó bá gbé ọmọ ẹnì kan sáájú ọmọ ẹlòmíràn láìtọ́, ojúsàájú ló ṣe. Ìkórìíra àti ìlara, inú la máa ń sọ pé wọ́n wà. Èdè wa kò fi ojúsàájú síbẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí wúlò fún ìbéèrè kan tó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn yunifásítì wa: ṣé a lè kó òṣìṣẹ́ jọ, ká kọ́ wọn ní àìṣègbè, kí olùkọ́, akọ̀wé, awakọ̀ àti máígádì lè fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò jọ wọ́n ní ẹ̀tọ́ rẹ̀? Èsì tèmi ni pé ó ṣeé ṣe, bí a bá gbà pé ojú la fẹ́ kọ́, tí a sì fi inú sílẹ̀ fún Ẹni tó dá a.

Ẹ wo òpópónà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Ní kìlómítà 22 rẹ̀, ní Ajah, ni Lagos Business School wà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Ní kìlómítà 52, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, ni Yunifásítì Pan-Atlantic tó ti ara rẹ̀ jáde wà. Ẹ̀kọ́ Opus Dei, ẹgbẹ́ kan nínú ìjọ Àgùdà, ló wà nídìí wọn, àmọ́ ẹlẹ́sìn gbogbo ni wọ́n ń gbà wọlé. Láàárín kìlómítà 30 yìí, ilé olówó àti yàrá tí èèyàn mẹ́fà ń sùn kò jìnnà síra wọn, bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ohun kan wà tí pásítọ̀ àti ààfáà ibẹ̀ kò ní bára wọn jiyàn lé lórí: Ọlọ́run nìkan ló rí inú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ní kí òṣìṣẹ́ dìde láàárín ẹgbẹ́ kó jẹ́wọ́ ẹ̀tanú tó wà nínú rẹ̀ ti kọjá àyè rẹ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ gbà gbọ́ kò sí lábẹ́ àṣẹ ọ̀gá rẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ àṣẹ ọ̀gá ni ìdánwò tó bọ́ sí aago kan ọ̀sán Jímọ̀, orúkọ tí olùkọ́ kọ̀ láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é títí ọdún fi parí, àti ẹnu ọ̀nà.

Ẹnu ọ̀nà náà ni mo fẹ́ dúró lé. Ilẹ̀ àbàtà ni púpọ̀ nínú Lẹ́kí. Bí òjò bá rọ̀ fún wákàtí díẹ̀, omi á gba títì, á sì máa wá ilé tí yóò wọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn bíríkìlà fi ń gbé ilẹ̀ ilé sókè, tí àtẹ̀gùn mẹ́ta mẹ́rin fi ń wà níwájú ilé tí ì bá tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí ẹ̀tanú nínú bíríkì wọ̀nyẹn. Ẹni tó tò ó ń sá fún omi ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ bá débẹ̀, ìrìn rẹ̀ parí. Olùkọ́ tó ti ń gun àtẹ̀gùn náà láàárọ̀ lálẹ́ fún ọdún 10 lè má mọ̀ bóyá mẹ́ta ni tàbí mẹ́rin. Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ mọ iye rẹ̀, ó sì mọ èyí tí etí rẹ̀ ti kán. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Níbi ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn, onílé gan-an ni kò ríran. Kì í ṣe pé òfin kò sí: Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin lórí àwọn àkàndá ní 2011. Ti ìjọba àpapọ̀, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019, fún ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ní ọdún 5 láti tún ara wọn ṣe, ọdún 5 náà sì ti pé láti oṣù kìíní 2024. Òfin lè ní kí wọ́n fọ́ àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n kò lè mú kí ẹnikẹ́ni kíyè sí i. Ìwé àti fídíò tó kún fún ọ̀rọ̀ ńláńlá kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wákàtí kan tí akẹ́kọ̀ọ́ orí kẹ̀kẹ́ fi mú olùkọ́ yíká ọgbà. Kí wọ́n sì sanwó fún un o, nítorí iṣẹ́ ni.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni gbogbo èyí, àti pé Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ti ń jáwọ́, nígbà tí Trump ti pàṣẹ ní oṣù kìíní 2025 kí irú ètò bẹ́ẹ̀ dópin lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba rẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn náà ti wà lára wa kí òyìnbó tó tà wá lóògùn. Ní 1965, nígbà tí Yunifásítì Èkó kò tíì ju ọmọ ọdún 3 lọ, ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀ kọ̀ láti dá Ọ̀jọ̀gbọ́n Eni Njoku, ọmọ Igbo, padà sípò gíwá, wọ́n sì fi Sàbúrí Bíòbákú, ọmọ Yorùbá, rọ́pò rẹ̀. Àwọn olùkọ́ pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì fọ̀bẹ gún Bíòbákú. Ọ̀mọ̀wé ni gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó máa gbà pé òun ṣègbè.

Àtakò tó le jù ni ti àwọn tó ní ìka ò dọ́gba, pé bí a bá ń wá àyè fún gbogbo èèyàn, òṣùwọ̀n ìmọ̀ á já wálẹ̀. Mo gbà pé ìka ò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ní 2017, nígbà tí JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola kí àwọn afọ́jú lè ṣe ìdánwò bó ṣe yẹ, ọ̀nà tí ìbéèrè gbà dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n tún ṣe. Afọ́jú tó fi ìka ka ìbéèrè físíìsì ṣì gbọ́dọ̀ mọ físíìsì. Kí ìgbìmọ̀ tó dé, ohun tí ìdánwò ń wọ̀n lára rẹ̀ ni ojú tí kò ní.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn tó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí jà ni pé olùkọ́ àti akọ̀wé nìkan ni wọ́n sábà máa ń pè. Ojú tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń bá pàdé kì í ṣe ti olùkọ́. Láti oṣù kẹfà 2022 ni ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Etí-Ọ̀sà, tí Ajah wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹni tí kò ní mọ́tò ń fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ ni. Ó dé ẹnu géètì pẹ̀lú bàtà eléruku. Jíìpù kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò tíì fọn fèrè tí máígádì fi ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu, tó sì kí ẹni inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí ẹlẹ́sẹ̀, ó ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ wá.