Ẹ̀tọ́ Ọmọdé Lórí Ilẹ̀ Tí A Jọ Ni

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Aṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó fi ọmọ ta wá lọ́rẹ, tí ó sì fi ìtọ́jú wọn ṣe àmáánà sí wa lọ́rùn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, mo ń gba ara mi àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun nínú gbogbo ohun tí Ó fi ṣọ́ wa. Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ilẹ̀ kékeré tí ó ṣẹ́kù ní àdúgbò wa, èyí tí àwọn tí ó gé ilẹ̀ ibí yìí fi sílẹ̀ fún ìgbádùn gbogbo ará àdúgbò. Àwọn kan fẹ́ kí a kọ́ ìsọ̀ sí i, kí owó lè máa wọlé. Àwọn kan fẹ́ kí a fi kún ilẹ̀ mọ́sálásí, kí àyè ìgbọ́kọ̀sí lè wà ní ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn mìíràn ní kí a sọ ọ́ di pápá ìṣeré fún àwọn ọmọdé. Ìbéèrè tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ju ti bíríkì àti sìmẹ́ńtì lọ: ṣé ẹ̀tọ́ tí Ọlọ́hun yóò bi wá léèrè ni eré ọmọdé, àbí fàájì tí a lè máa sún síwájú títí ohun gbogbo yóò fi tó wa?

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí Súrà Yusuf, ẹsẹ 12 àti 13. Àwọn ọmọ Ànábì Yaqub bẹ bàbá wọn pé kí ó jẹ́ kí Yusuf bá àwọn jáde ní ọjọ́ kejì, kí ó lè jẹun kí ó sì ṣeré. Inú burúkú ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìdáhùn bàbá náà. Kò sọ pé eré kò yẹ ọmọ Ànábì. Ó ní lílọ rẹ̀ yóò ba òun nínú jẹ́, ẹ̀rù sì ń ba òun kí ìkookò má pa á jẹ nígbà tí ọkàn wọn bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí eré bá jẹ́ ohun àbùkù, ibẹ̀ gan-an ni Ànábì Ọlọ́hun ìbá ti sọ ọ́. Ìkookò àti àìbìkítà àwọn àgbà ni ó bẹ̀rù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwà Ọ̀jíṣẹ́ Ọlọ́hun rí. Nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ gùn ún lẹ́yìn nínú ìforíkanlẹ̀, ó pẹ́ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń kírun lẹ́yìn rẹ̀ rò pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wọn pé òun kò fẹ́ kánjú ọmọ náà kí ó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fi ìyá wa Aisha sílẹ̀ kí ó máa fi ọmọláńgidi ṣeré. Ó sì máa ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ kékeré tí wọ́n ń pè ní Abu Umayr nípa ẹyẹ tí ọmọ náà fi ń ṣeré.

Ẹ̀yin ará mi, ní ayé àwọn bàbá wa, àárín agbo ilé ni ọmọ ti ń ṣe bojúbojú àti eré òṣùpá, ojú àgbà sì wà lára wọn. Lónìí, a ti fi yàrá dí àárín agbo ilé. Ojú títì ni àwọn ọmọ wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù, òkúta méjì ni òpó góòlù wọn, etí gọ́tà ni wọ́n ti ń fo súwè. Ìkookò ti ìgbà tiwa ni ọ̀kadà, ọkọ̀ akérò àti gọ́tà tí kò ní ìdérí. À ń lé wọn kúrò níbẹ̀, a kò sì fi ibòmíràn hàn wọ́n.

Ẹnì kan lè sọ pé ilé Ọlọ́hun ni ó tọ́ sí ilẹ̀ jù. Ẹ rántí bí a ṣe kọ́ mọ́sálásí Ànábì ní Mẹ̀dínà. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sá èso dàbínù ni, ti ọmọ òrukàn méjì, Sahl àti Suhayl. Àwọn ọmọ náà fẹ́ fi ta á lọ́rẹ, ṣùgbọ́n Ọ̀jíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ̀, ó rà á lọ́wọ́ wọn. Bí Ànábì kò bá gba ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé tí ó fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda rẹ̀, báwo ni àwa yóò ṣe gba ti àwọn ọmọ tí a kò pè sí ìpàdé?

Ẹlòmíràn lè sọ pé ebi wà nílùú, omi ẹ̀rọ kò sì tó. Òótọ́ ni, ẹ má sì jẹ́ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n ìgbà èwe kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìsọ̀ tí a kò kọ́ lọ́dún yìí, a lè kọ́ ọ lọ́dún mẹ́wàá sí i. Ọmọ ọdún méje òní kò ní jẹ́ ọmọ ọdún méje mọ́ nígbà náà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2003 pàápàá ka ìsinmi àti eré mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ. Àwọn àgbà wa sì ti sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Síbẹ̀, ẹ̀rù kejì tí ó ba Ànábì Yaqub ń dúró dè wá. Pápá tí a kọ́ tí a kò ṣọ́ yóò di ìkookò fúnra rẹ̀: irin yóò dípẹtà, okùn jangílófà yóò já, àwọn tí ń mu igbó yóò sì sọ ibẹ̀ di ibùba. Nítorí náà, kí ọgbà yí i ká ní apá ojú títì. Kí a da iyanrìn tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan sábẹ́ ohun tí wọ́n ń gùn, nítorí sìmẹ́ńtì kì í dẹ̀ fún orí ọmọ. Kí a gbin igi tí yóò ṣíji bò wọ́n, kí a sì to bẹ́ǹṣì sábẹ́ rẹ̀ fún àwọn àgbà, nítorí ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kí ẹnu ọ̀nà fẹ̀ fún ọmọ tí kò lè fi ẹsẹ̀ rìn. Kí àwọn ọmọbìnrin ní àyè tiwọn, kí ọmọ aládùúgbò wa tí kì í ṣe Mùsùlùmí sì wọlé bí tiwa, nítorí ẹ̀tọ́ aládùúgbò kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Kí a yan àwọn tí yóò máa yẹ ohun gbogbo wò lóṣooṣù.

Ẹni tí ó bá lówó kí ó mú owó wá, ẹni tí ó bá lágbára kí ó mú ọkọ́ wá, ẹni tí kò bá ní méjèèjì kí ó wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárín Àsárì àti Màgàríbà, kí ó máa ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Sàráà tí ń ṣàn ni gbogbo rẹ̀.

Ìwọ Ọlọ́hun wa, dá àwọn ọmọ wa sí. Má ṣe jẹ́ kí a fi wọ́n sílẹ̀ fún ìkookò, má sì jẹ́ kí a wà lára àwọn tí ó gbàgbé àmáánà wọn. Fi àánú kún ọkàn wa, gba iṣẹ́ rere lọ́wọ́ wa, kí O sì foríjì wá àti àwọn òbí wa. Àmín.