Ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú omi

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa, ìbéèrè tí a fẹ́ kí a jọ rò ní ìwòyí nìyí: bí ẹnì kan bá mọ̀ pé omi tí ọmọnìkejì òun ń mu kò dára, tí ó sì dákẹ́, ǹjẹ́ ó yàtọ̀ sí ẹni tí ó purọ́?

Àwa tí a ti ṣiṣẹ́ tíṣà rántí bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n se omi kí ó hó, kí wọ́n sì fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Wolé-wolé náà a máa yọjú sí àmù wa (a kò fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó wúlò). Aṣọ asẹ́ yẹn wà lára ohun tí ó lé sòbìà lọ. Ní ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé kò sí sòbìà mọ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nínú omi tí aṣọ kò lè sẹ́, tí iná kò sì lè pa. Òjé jẹ́ ọ̀kan. A kì í fi ojú rí i nínú omi, kò ní òórùn, ẹnu kì í mọ̀ ọ́n. Bí a bá se omi olójé, omi ni yóò dínkù, òjé yóò kù síbẹ̀. Ó máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu fún wọn.

Ẹ wo ìlú Flint, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, nítorí àti dín owó kù, àwọn aláṣẹ dá omi tí ìlú náà ń rà láti Detroit dúró, wọ́n sì ń fa omi odò Flint. Omi náà a máa jẹ irin. Oògùn wà tí à ń fi sí irú omi bẹ́ẹ̀ kí ó má bàa jẹ páìpù. Wọn kò fi í sí i. Ni òjé ara àwọn páìpù ògbólógbòó bá bẹ̀rẹ̀ sí yòrò sínú omi. Àwọn ìyá rọ omi tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà sínú ìgò, wọ́n gbé e lọ sí ìpàdé. Wọ́n ní kò séwu. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, General Motors kọ omi náà sílẹ̀ nítorí pé ó ń jẹ irin tí wọ́n fi ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, ìjọba ìpínlẹ̀ gbé omi mìíràn wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Flint, kí òṣìṣẹ́ tí kò bá fẹ́ omi ẹ̀rọ lè rí òmíràn mu. Irin rí ààbò, òṣìṣẹ́ rí ààbò. Ìyá ọlọ́mọ ni wọ́n ní kí ó máa bu ti ẹ̀rọ. Oníṣègùn ọmọdé kan, Mona Hanna-Attisha, ni ó kó èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ síta ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, pé òjé ti pọ̀ sí i níbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ta kò ó. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, wọ́n padà sí omi Detroit.

Àwọn kan yóò ní bí a bá tètè sọ, ìlú yóò dàrú. Ẹnu ẹni tí ó ní omi mìíràn mu ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń jáde. Àwọn mìíràn ní kí a ní ìdánilójú ná. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iyèméjì tí ó mú ènìyàn yí ife tirẹ̀ padà, ó tó láti sọ fún ẹlòmíràn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba nìkan. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, omi ẹ̀rọ kò wá mọ́, onílé kọ̀ọ̀kan ni ó ń gbẹ́ kànga tirẹ̀. Bí kànga bá sún mọ́ ṣáláńgá jù, ẹ̀gbin lè gba abẹ́ ilẹ̀ wọ inú rẹ̀, omi yóò sì mọ́ lójú síbẹ̀. Onílé tí ó ti rí èsì àyẹ̀wò, tí ó ń ra omi inú ọ̀rá fún àwọn ọmọ tirẹ̀, tí àwọn ayálégbé sì ń fa ti kànga ńkọ́? Yóò ní òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé omi náà dára. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó omi wà nínú owó ilé tí ó ń gbà. Èrò tiwa ni pé kí ó kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní alẹ́ ọjọ́ tí èsì dé, kí ó tó pe àwọn tí yóò tún kànga ṣe, bí ayálégbé kan tilẹ̀ lè tìtorí rẹ̀ kó jáde.