Ǹjẹ́ Ẹni tí Ó Dákẹ́ Jẹ̀bi?

Ẹ̀yin ọ̀wọ́n tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún Ìrìbọmi,

Nígbà tí a bá dé orí Òfin Karùn-ún, èyí tí ó kọ ìpànìyàn fún wa, ọkàn ọ̀pọ̀ nínú yín a máa balẹ̀, nítorí pé ẹ kò pa ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ dáhùn: bí wọ́n bá ń pa àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n sì ń lé wọn kúrò nílé, kí ni ó kàn mí níbẹ̀? Bí mo bá tilẹ̀ sọ̀rọ̀, ta ni yóò gbọ́ ohùn mi láti Kambolé?

Àwọn àgbà wí pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ wo Rùwáńdà. Ní oṣù keje ọdún 1993 ni rédíò kan tí a ń pè ní RTLM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ó ń lu orin, ó ń dá àpárá, ó sì ń pe àwọn Tútsì ní aáyán. Ẹni tí ó bá ti gbà pé aáyán ni aládùúgbò òun, kò ní ka títẹ̀ ẹ́ pa sí ẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìpakúpa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1994, láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́, àwọn tí a pa tó 800,000, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀. Ní ọdún 2003, ilé-ẹjọ́ tí Àjọ náà gbé kalẹ̀ sí Arusha ní Tanzania dá Ferdinand Nahimana, ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ rédíò náà, lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ tí rédíò náà sọ ni ó kó bá a, kì í ṣe àdá. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá lè pa báyìí, báwo ni a ṣe lè wí pé kò lè gba ẹnikẹ́ni là?

Kí ó tó di ọdún 1944, ìwà búburú yìí, ìpẹ̀yàrun, kò ní orúkọ tirẹ̀. Raphael Lemkin ni ó sọ ọ́ lórúkọ, amòfin Júù láti Pólàńdì, tí ogun lé kúrò nílé, tí àwọn Nazi sì pa ọ̀pọ̀ nínú ẹbí rẹ̀. Kò ní ọmọ-ogun kankan. Ó ń kọ lẹ́tà, ó ń kan ilẹ̀kùn àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè, títí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi fọwọ́ sí àdéhùn lòdì sí ìpẹ̀yàrun ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 1948. Ẹ lè wí pé àdéhùn náà kò gba Rùwáńdà là. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ní ọdún 1994, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, àwọn agbẹnusọ ìjọba Amẹ́ríkà ń yẹra fún orúkọ náà, nítorí pé bí wọ́n bá ti pè é, a ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Ta ni í sá fún ọ̀rọ̀ tí kò lágbára?

Ohun tí ó kàn yìí nira fún mi láti kọ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn lẹ́yìn Ìrìbọmi yín. Ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn ará Rùwáńdà ni ó ti gba Ìrìbọmi. Àwọn tí wọ́n jọ ń gba Ara Krístì ni wọ́n pa, nínú ilé Ọlọ́run pàápàá, ní Ntarama, ní Nyamata, ní Nyarubuye. Àwọn àlùfáà kan kú pẹ̀lú agbo wọn. Àwọn kan sì lọ́wọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 2017, Póòpù Francis tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ẹ̀ṣẹ̀ Ìjọ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí. Oore-ọ̀fẹ́ Ìrìbọmi kì í fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Nínú Misa, ẹ ti gbọ́ pé a ń jẹ́wọ́ ohun tí a kò ṣe pẹ̀lú èyí tí a ṣe. Ìdákẹ́jẹ́ wà nínú ohun tí a kò ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní ọdún 1993, lẹ́yìn tí àwọn sójà yìnbọn ní Lomé, nǹkan bí 300,000 ọmọ Togo sá lọ sí Ghana àti Benin. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù kẹrin ọdún 2005, nǹkan bí 40,000 tún sá. Èyí kì í ṣe ìpẹ̀yàrun, kò sì yẹ kí a pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi orúkọ ńlá pe ohun gbogbo, orúkọ náà kò ní wúlò fún un mọ́ lọ́jọ́ tí ó bá nílò rẹ̀. Síbẹ̀, àwa ni àtìpó nígbà náà. Ní Benin, wọ́n pàgọ́ fún wa ní Comé àti ní Agamé, ọ̀pọ̀ ìdílé sì wà tí ó gbà wá sílé láìbéèrè ẹ̀yà wa.

Nísinsin yìí, àwọn ará Burkina Faso ni ó ń sá wọ agbègbè Savanes ní àríwá wa nítorí àwọn agbébọn. Fúlàní wà nínú wọn. Láàárín àwa fúnra wa, láti Sokodé dé Tchamba dé ìhín, mo ti gbọ́ ọ pé agbébọn ni gbogbo Fúlàní. Mo mọ̀ pé màlúù a máa jẹ oko, mo sì mọ ìbínú ẹni tí wọ́n jẹ àgbàdo rẹ̀. Ẹni tí ó da màlúù náà ní orúkọ. Òun ni kí a pè lẹ́jọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn Ìrìbọmi yín, ẹnìkan yóò sọ irú ọ̀rọ̀ yìí níbi tí ẹ jókòó sí, àwọn yòókù yóò sì rẹ́rìn-ín. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ó dúró tì yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Kò rọrùn láti já àgbà ní koro. Ṣùgbọ́n ẹ lè kúnlẹ̀, kí ẹ sì bi í léèrè pé: “Baba, èwo nínú wọn?”